Wọ́n Wúwo Bákan Náà, Ọjọ́ Ayé Wọn Ò Dọ́gba

Ó ti tó oṣù kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹran méjì ń gbé inú igbó kan náà. Wọ́n wúwo bákan náà, wọ́n jọ ń jẹ èso igi beech nígbà òtútù, ọ̀tá kan náà sì ń pa àwọn méjèèjì jẹ. Síbẹ̀ ọ̀kan lè lo ọdún mẹ́wàá láyé. Èkejì, bó bá fi lè rí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn méjì, arúgbó kùjọ́kùjọ́ ni.

Ẹyẹ ni ọ̀kan, eku ni èkejì. Ẹyẹ náà ni èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní great tit: orí dúdú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ funfun, àyà yẹ́lò tí ìlà dúdú kan sọ̀ kalẹ̀ láàárín rẹ̀ bíi táì. Ẹni tó bá ń gbé ní ìlú Ọba, tó sì ní ọgbà lẹ́yìnkùlé, á ti rí i láìmọ orúkọ rẹ̀. Eku náà ni wood mouse. Eku igbó ni màá máa pè é níbí. Ojú rẹ̀ tóbi, etí rẹ̀ fẹ̀, ìrù rẹ̀ gùn tó ara rẹ̀. Òun ló ṣòro láti rí, torí òru ló ń jẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò kì í ṣe onímọ̀ ẹranko. Ìyàlẹ́nu ló gbé mi débẹ̀.

Òrùka tó wà lẹ́sẹ̀ ẹyẹ

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, mo tẹ̀ lé àwọn tó ń fi òrùka sí ẹyẹ lẹ́sẹ̀ lọ sí igbó kan ní Kent. Ìwé àṣẹ ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tí kò kọ́ ọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹyẹ. Àwọ̀n wọn tín-ín-rín débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rìn wọ inú ọ̀kan. Bí ẹyẹ bá há, wọ́n á rọra tú u, wọ́n á fi sínú àpò aṣọ kékeré, ó di orí tábìlì. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ náà sì ti dẹ pákúté sílẹ̀ lálẹ́ àná rẹ̀ nítorí eku. Pákúté yìí kì í pa ẹran o. Àpótí páànù kékeré ni, wọ́n ti fi koríko gbígbẹ àti oúnjẹ sí i kí òtútù má bàa pa èyí tó bá wọlé.

Bàbá òyìnbó kan ló jókòó ti tábìlì. Ó mú great tit kan jáde nínú àpò, ó fi ìka méjì há a lọ́rùn wẹ́rẹ́, ẹ̀yìn ẹyẹ náà wá sùn sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ẹyẹ náà ò gbà. Ó ń ṣá Bàbá ní ìka kíkankíkan, ibi tó ti ṣá tẹ́lẹ̀ náà ló tún ń padà sí. Bàbá ò tilẹ̀ mira. Ó ní nínú gbogbo ẹyẹ kéékèèké tí òun ń mú, kò sí èyí tó ya òǹjà tó o. Òrùka ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bàbá ka nọ́ńbà ara òrùka sókè, ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Bàbá yìí gan-an ló fi òrùka náà sí i, nígbà tí ẹyẹ náà ṣì wà nínú ìtẹ́ tí kò tíì hu ìyẹ́ tán, lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n: gíráàmù 18.

Kò pẹ́ tí ọ̀dọ́mọbìnrin kan fi gbé eku dé. Ó da eku náà láti inú pákúté sínú ọ̀rá tó mọ́ gaara, ó fi òṣùwọ̀n gbé e kọ́, ó yọ ìwọ̀n ọ̀rá kúrò níbẹ̀: gíráàmù 19. Lẹ́yìn náà ó kì í mú ní awọ ẹ̀yìn ọrùn. Mo ní ṣé kò ní rọrùn jù bó bá mú un ní ìrù. Ó ní ó tì o. Awọ ìrù eku igbó máa ń bó sọ́wọ́ ẹni tó bá dì í mú, eku á sì ti sá lọ. Egungun tó kù níhòòhò á gbẹ, á já bọ́, kò sì ní hù mọ́ títí ayé. Ìrù ló fi ń ra ẹ̀mí.

Mo wá bèèrè ọjọ́ orí eku náà. Ó wo irun rẹ̀ títí, ó ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá yìí ni wọ́n bí i. Mo ní ṣé ó lè pẹ́ tó ẹyẹ yẹn? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bí orí bá bá a ṣe é, á rí ìgbà ìrúwé, á bímọ. Ṣùgbọ́n kí ewé tó tún máa wọ́, kò ní sí mọ́. Bó ṣe sọ ọ́ tán ló tú u sílẹ̀ sábẹ́ ewé, ó sì lọ gbé pákúté míì wá.

Gíráàmù kan péré ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Ọdún mẹ́fà rèé lápá kan, oṣù díẹ̀ rèé lápá kejì, kò sì sẹ́ni tó yà lẹ́nu lórí tábìlì yẹn àfi èmi.

Ẹni tó ń sáré ló yẹ kó kọ́kọ́ rẹ̀

Ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni ohun tí mẹkáníìkì èyíkéyìí máa sọ fún ẹ: ẹ́ńjìnnì tí a bá ń tẹ̀ jù ló ń tètè kú. Onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Raymond Pearl, gbé irú èrò yìí jáde ní 1928, pé ẹni tó bá ń yára lo agbára ara rẹ̀ ló ń tètè lọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹyẹ ló yẹ kó ṣáájú eku dé ọ̀run. Ara ẹyẹ kékeré gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 41 tàbí 42 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ti eku ò ju nǹkan bí 37 lọ. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ pọ̀ débi pé, ká ní èèyàn ni, ọsibítù ni ì bá sùn. Fífò sì ń gba agbára lọ́wọ́ ẹran kékeré gan-an ni.

Ṣùgbọ́n òdìkejì là ń rí. Bí a bá kó ẹyẹ àti ẹran afọ́mọlọ́mú tí wọ́n jọ wúwo bákan náà síbì kan, ẹyẹ a máa pẹ́ tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òrùka ẹsẹ̀ ti jẹ́ ká mọ̀ pé great tit kan lò ju ọdún 13 lọ.

Mi ò fẹ́ fi adùn ọ̀rọ̀ bo òótọ́ mọ́lẹ̀ ṣá. Ikú ń pa ẹyẹ náà lọ́pọ̀lọpọ̀. Láti 1947 ni David Lack, onímọ̀ nípa ẹyẹ, ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ àwọn great tit tó ń yé sínú àpótí ìtẹ́ ní igbó Wytham, lẹ́bàá Oxford, iṣẹ́ náà ò sì tíì dúró di òní. Tọkọtaya ẹyẹ á yé ẹyin 8 tàbí 9, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n á máa gbé kòkòrò tó ń jẹ ewé oak wá fún àwọn ọmọ láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ náà kì í fojú kan ìgbà ìrúwé tó tẹ̀ lé e. Nínú àwọn àgbà, nǹkan bí ìdajì ló ń kú lọ́dọọdún. Nítorí náà, ọlọ́dún mẹ́fà tí mo rí yẹn, ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀ ni.

Ohun tó wù mí kẹ́ ẹ kíyè sí ni pé èyí tó bá ṣẹ́ kù, ara rẹ̀ ṣì le. Ní ọdún kẹfà ó ṣì ń yé, ó ṣì ń kọrin, ó ṣì ń ṣá bàbá olóbàá ní ìka. Ti eku ò rí bẹ́ẹ̀. Oyún rẹ̀ ò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, á bí mẹ́rin sí méje, á tún lóyún, á tún bí, láàárín ìgbà ìrúwé sí ìgbà ìwọ́wé. Ọmọ tó bí lóṣù kẹrin lè ti di ìyá kí ọdún tó parí. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe ná ara rẹ̀ tán.

Ikú tó ń ti ìta bọ̀

Ẹni tó tú okùn ọ̀rọ̀ yìí fún mi ni Peter Medawar, ẹni tí wọ́n bí ní Brazil ní 1915, tó wá di gbajúmọ̀ onímọ̀ ní ìlú Ọba. Àlàyé tó ṣe ní University College London ní 1951, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1952, kò le rárá. Ó ní ká ro ti ikú tó ń ti ìta bọ̀: ọ̀tá, òtútù, ebi. Bó bá jẹ́ pé irú ikú bẹ́ẹ̀ máa pa ìran kan tán kí wọ́n tó pé ọdún méjì, kí ló máa mú àléébù tó jẹ́ pé ọdún kẹta ló máa fara hàn kúrò lára wọn? Kò sẹ́ni tó dé ọdún kẹta tí àléébù náà máa yọ lẹ́nu. Á máa ti ọwọ́ òbí bọ́ sọ́wọ́ ọmọ láìsí ìdíwọ́.

Ní 1957, George Williams, ará Amẹ́ríkà, tún fi tirẹ̀ kún un. Ó ní kì í ṣe pé àléébù kàn ń fara pamọ́ nìkan. Àwọn kan lára wọn tilẹ̀ ń ṣàǹfààní fún ẹran nígbà èwe. Ohun tó ń jẹ́ kéèyàn tètè bímọ lónìí lè jẹ́ ohun tó máa bà á lára jẹ́ lọ́la. Níbi tí ọ̀la kò ti dájú, òní ló máa borí.

Ìyẹ́ apá wá ni ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí ọ̀tá bá dé, ẹyẹ ní ojú ọ̀run, eku ní ihò. Nígbà tó sì ti jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí ẹyẹ tún rí ọdún tó ń bọ̀, ó yẹ kí ara rẹ̀ náwó lórí àtúnṣe. Ara eku kò rí ìdí tó fi yẹ kó ra páànù tuntun fún ilé tí wọ́n máa wó lóṣù tó ń bọ̀.

Ẹ wo àdán. Afọ́mọlọ́mú ni, ó sún mọ́ eku ju ẹyẹ lọ fíìfíì. Síbẹ̀ wọ́n rí àdán kan mú ní Siberia tó wúwo tó nǹkan bí gíráàmù 7, òrùka rẹ̀ sì sọ pé ó ti lo ọdún 41 ó kéré tán. Ó ń fò. Eku abẹ́ ilẹ̀ kan tún wà ní ìhà Kenya àti Ethiopia, èyí tí kò nírun lára, tó jẹ́ pé inú ilẹ̀ ló ń gbé tàgbàtèwe, níbi tí ọwọ́ ọ̀tá kì í sábà tó o. Nínú yàrá ìṣèwádìí, òun náà a máa lé ní ọgbọ̀n ọdún. Eku ni o!

Èyí tó wú mi lórí jù ni ti Steven Austad, onímọ̀ ẹranko kan láti Amẹ́ríkà. Ó ń mú opossum ní Venezuela, ẹran tó ń gbé ọmọ rẹ̀ sínú àpò ikùn, ó wá ń rí i pé èyí tí òun mú nígbà tó ṣì ń ta kébékébé, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ ti ń fọ́. Ó ronú pé bí Medawar bá sọ òótọ́, a jẹ́ pé opossum tó bá wà níbi tí kò sí ọ̀tá gbọ́dọ̀ máa darúgbó díẹ̀díẹ̀. Ló bá lọ sí erékùṣù Sapelo, létíkun Georgia ní Amẹ́ríkà. Omi ti ya ibẹ̀ kúrò lára ilẹ̀ láti ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn ẹran ńlá tó ń pa opossum jẹ kò sì sí níbẹ̀. Ó fi wọ́n wé àwọn tó wà lórí ilẹ̀ gangan. Ohun tó tẹ̀ jáde ní 1993 ni pé àwọn ará erékùṣù ń darúgbó lọ́ra, kódà iṣan inú ìrù wọn ń gan díẹ̀díẹ̀ ju ti àwọn ará ilẹ̀ lọ. Ọmọ tí wọ́n sì ń bí lẹ́ẹ̀kan náà dín kù. Ẹran kan náà, orúkọ kan náà. Ìbẹ̀rù ló kúrò láyìíká wọn, ara wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wéwèé fún ọjọ́ iwájú.

Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e lórí. Àwọn kan ní iye ikú nìkan kọ́ ló ṣe pàtàkì, ọjọ́ orí àwọn tí ikú náà ń mú tún wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jà á lọ.

Eku ń wéwèé, àmọ́ alẹ́ òní ni

Ó rọrùn láti ka ìtàn yìí kéèyàn sì rò pé eku ya òpònú. Ní 2003, Pavel Stopka àti David Macdonald ti Oxford tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé bí eku igbó bá ń wá oúnjẹ kiri, a máa ṣa ewé, igi wẹ́wẹ́ àti ìkarahun, a sì tò wọ́n síbi tó wù ú kó má bàa sọ ọ̀nà nù. Àmì ojú ọ̀nà ni. Bó bá kúrò níbẹ̀, á kó àmì rẹ̀ lọ síbòmíì. Ẹran tó lóye báyìí kì í ṣe òmùgọ̀. Ètò rẹ̀ pé, ó kàn kúrú ni.

Ohun kan sì wà tí mi ò gbọdọ̀ fò. Weasel ni ọ̀tá tí mo ní àwọn méjèèjì jọ ní: ẹran kékeré, tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ó ń wọ ihò eku. Ní Wytham, weasel yìí náà ló ń gun igi lọ kó ọmọ ẹyẹ jẹ nínú àpótí. Nígbà tí wọ́n ṣírò ọdún pọ̀ mọ́ ọdún, tí wọ́n tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1977, wọ́n rí i pé lọ́dún tí eku bá wọ́n, ìtẹ́ ẹyẹ ni weasel ń dojú kọ. Lọ́dún tí eku bá pọ̀, ẹyẹ á sinmi. Ìyẹn ni pé lára ọjọ́ gígùn tí ẹyẹ ń jẹ, eku ló ń san án. Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò fún ọjọ́ mélòó kan, kò sì tíì tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọmọ bẹẹrẹ

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi fọ́nrán ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí láti Ìbàdàn. Ìyàwó ọlọ́dẹ ilé wọn ti bí ọmọ karùn-ún. Ẹ̀gbọ́n mi bínú. Ó ní ọkùnrin náà ò ní kọ́bọ̀ nípamọ́, kò mọ ohun tí ọ̀la jẹ́, ó sì fi òwe tí gbogbo wa mọ̀ kádìí rẹ̀: ọmọ bẹẹrẹ, òṣì bẹẹrẹ. Àwọn àǹtí wa ń fi àtẹ́wọ́ ránṣẹ́ sábẹ́ rẹ̀.

Ìyá bàbá wa ni mo rántí. Ọmọ mẹ́sàn-án ló bí, mẹ́rin ló ṣẹ́ kù. Kòsọ́kọ́ wà lára àwọn tó lọ, Málọmọ́ wà lára wọn. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún màmá yẹn pé kó bí mẹ́ta kó sì sinmi, torí mẹ́ta nínú ìṣirò ìgbà náà lè di òdo kí ọdún tó yí po. Ìyá tiwa bí mẹ́rin, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la wà láyé. Àjẹsára ti dé, omi ẹ̀rọ ti dé, ọsibítù ò jìnnà mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ bí méjì. Ìran mẹ́ta péré nìyẹn nínú ilé kan náà, mi ò sì rántí pé ẹnì kan jókòó ti ìyá wa láti wàásù fún un.

Ìwádìí ìjọba Nàìjíríà lórí ètò ìlera àti ọmọ bíbí ní 2018 sọ irú ohun kan náà. Nígbà náà, nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ tí wọ́n bí láàyè ní orílẹ̀-èdè yìí, 132 ló ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún, obìnrin kọ̀ọ̀kan sì ń bí tó 5.3 ní ìpíndọ́gba. Ní Ìwọ̀ Oòrùn Gúúsù, ọ̀dọ̀ tiwa, ikú náà wá sí 62, ọmọ bíbí sì wá sí 3.9. Mo mọ̀ pé ilé ìwé ọmọbìnrin wà nínú ọ̀rọ̀ náà, owó wà níbẹ̀, ẹ̀sìn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ikú ọmọdé bá ti rọlẹ̀, ọmọ bíbí kì í pẹ́ rọlẹ̀ tẹ̀ lé e.

Ti owó ìpamọ́ ńkọ́? Ní 2019, ìjọba gbé ètò owó ìfẹ̀yìntì kalẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò. Bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ nígbà náà, nínú owó tí o bá ń dá, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún lo lè gbà kí o tó darúgbó, ìdá 60 tó kù di ọjọ́ ogbó. Mo sọ fún aránṣọ kan tí mo mọ̀ ní Ìbàdàn. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Àǹtí, ẹ ṣé. Àjọ mi máa yí kàn mí lóṣù tó ń bọ̀." Mo kọ́kọ́ rò pé kò lóye. Ṣùgbọ́n ní 2015, dọ́là kan ò tó igba náírà ní báǹkì; ní 2024, ó ti di nǹkan bí 1,500. Ẹni tó ti owó mọ́ àpótí lọ́dún yẹn, kí ló bá níbẹ̀? Bí òní ṣe rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n sọ o, wọn ò sọ pé ogún ọdún. Aránṣọ yẹn mọ bí ọ̀la tirẹ̀ ṣe gùn tó.

Nígbà tó yá, mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo kí i dáadáa, mo bèèrè ìyàwó àti àwọn ọmọ, mo wá rọra já ọ̀rọ̀ eku àti ẹyẹ fún un. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ yìí, ṣé eku wá ni ọlọ́dẹ mi?"

Ìbéèrè gidi ni, kì í ṣe yẹ̀yẹ́ lásán. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, rárá o. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra gan-an nìyẹn. Opossum erékùṣù yẹn fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún dúró kí ara rẹ̀ tó yí padà. Èèyàn máa ń ṣe ìṣirò tirẹ̀ lójú ayé ara rẹ̀. Ìyá wa ṣe é." Mo wá bi í pé èló lẹ ń san fún ọkùnrin yìí lóṣù, bí ọmọ karùn-ún yẹn bá sì ní ibà lóru, ọsibítù wo ni wọ́n máa gbé e lọ, ta ló máa sanwó?

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní èmi àti gbígbé ọ̀rọ̀ gba ẹ̀yìn, ó ní òyìnbó ti bà mí jẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó fi iye tí wọ́n ń gbà fún inṣọ́ránsì ìlera ẹbí kan fún ọdún kan ránṣẹ́ sí mi, láìkọ nǹkan kan sí i. Ohun tá a ń jà lé lórí báyìí ni bóyá òun nìkan ló máa san án, àbí àwa méjèèjì la máa pín in.